Iyọ̀, Yanrìn àti Ohùn Ará Ìlú: Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ ní Montpelier

Ìró irin lórí títì ló jí mi ní òru àkọ́kọ́ tí mo sùn ní Montpelier. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni. Mo kọ́kọ́ rò pé àrá ló ń sán, nítorí pé ilé mì díẹ̀, iná aláwọ̀ ọsàn sì ń kọ mànà lára ògiri yàrá. Nígbà tí mo ká aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tí wọ́n de abẹ irin gbọọrọ mọ́ níwájú. Ó ń ti yìnyín sí ẹ̀gbẹ́ títì bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀lùbọ́ kúrò lórí tábìlì. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Bí ó ti ń lọ ni iyọ̀ ń fọ́n ká lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí mo wá bẹ̀ wò, ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìdáná. Aago mẹ́fà ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo kí i, mo sì bi í pé kí ni ń ké bẹ́ẹ̀ níta.

"Káńsù ni," ni ó dáhùn, bí ó ti ń da tíì sínú ife. "Wọ́n ń lànà fún mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Níbi tí àwa méjèèjì ti dàgbà, bí wọ́n bá pariwo "káńsù" láàárín ọjà, ńṣe ni àwọn alátẹ ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ kíákíá kí àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì tó dé. N kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìfọ̀kànbalẹ̀ pe orúkọ náà rí, pàápàá jùlọ ní òru. Gbólóhùn ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo gbé lọ́kàn jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí mo lò níbẹ̀.

Montpelier ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Vermont ní apá àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Òun ni ó kéré jùlọ ní iye ènìyàn nínú gbogbo olú ìlú ìpínlẹ̀ ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2020, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ àti díẹ̀ ni wọ́n kà níbẹ̀. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún kan nílé lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ! Òkè yí i ká, odò Winooski sì gba àárín rẹ̀ kọjá, níbi tí ẹ̀ka rẹ̀ kan láti àríwá ti ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Òpópónà méjì pàtàkì, Main Street àti State Street, pàdé láàárín ìlú, ènìyàn sì lè fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ajé wà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ilé ìjọba ìpínlẹ̀ dúró sí ẹsẹ̀ òkè ní State Street, òrùlé rẹ̀ rí rìbìtì, wọ́n sì fi wúrà bò ó. Lórí òrùlé náà ni ère obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Iṣẹ́ Àgbẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, Òrìṣà Oko ni ó wá sí mi lọ́kàn. Mo ń wo obìnrin náà tí yìnyín bo èjìká rẹ̀, mo sì ń ronú pé kò sí ibi tí ènìyàn kò ti mọ̀ pé ilẹ̀ ló ń bọ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìnyín náà ń fẹ́ àlàyé. Ní ilẹ̀ wa, ohun tí à ń pè ní yìnyín ni èyí tí ń bá òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọdé ń sá jáde láti ṣà jẹ kí ó tó yọ́. Àlejò wákàtí kan ni. Ní Vermont, àlejò oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ni. Ó ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí òwú, kò lariwo, kò lágbára lójú, ṣùgbọ́n bí ó bá sùn mọ́jú, ó ti di ilẹ̀kùn ilé. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó di omi dídì tó ń dán bí jígí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì níwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí í ṣe ọmọ ọdún méje ló sì kọ́ mi pé kí n máa rìn bí pẹ́pẹ́yẹ, kí n fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ lílé yìnyín kúrò lójú títì ní ètò tirẹ̀. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá wù wọ́n. Àwọn òpópónà ńlá, àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ aláìsàn ń gbà, àti agbègbè ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń ṣáájú. Àwọn àdúgbò kéékèèké ń tẹ̀ lé e. Bí yìnyín bá ń bọ̀, wọ́n á kìlọ̀ pé kí ọkọ̀ má ṣe sùn sí ẹ̀gbẹ́ títì, nítorí pé abẹ irin kò lè gbá ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí. Katakata kékeré kan wà fún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Nígbà tí òkìtì yìnyín bá sì ga jù láàárín ìlú, wọ́n á wá ní òru, wọ́n á bù ú sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n á sì lọ dà á sí ibi tí yóò ti yọ́ fúnra rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iyọ̀ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ń mú kí omi pẹ́ kí ó tó dì, ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n Celsius mẹ́sàn-án lábẹ́ òdo, iṣẹ́ rẹ̀ a dínkù gidigidi. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, yanrìn ni wọ́n ń dà sílẹ̀. Yanrìn kì í yọ́ yìnyín, ó kàn ń jẹ́ kí táyà àti bàtà rí ohun dì mú ni. Iyọ̀ náà kò sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń jẹ irin afárá àti abẹ́ ọkọ̀, ó sì ń bá omi ṣàn lọ sínú odò àti kànga, níbi tí ẹja àti ewéko ti ń jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n da iyọ̀ sí i, kò burú, ẹni tó bá ní kí wọ́n dín in kù, kò burú. Ohun tó bá kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

Ìwọ̀nyí ni mo gbọ́ ní alẹ́ Ọjọ́rú kan tí ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sí ìjókòó ìgbìmọ̀ ìlú. Lóòótọ́, èmi ni mo mú un lọ. Ọdún mẹ́fà ló ti ń gbé ìlú náà, kò sì tí ì wọ ibẹ̀ rí.

Ìgbìmọ̀ náà kò pọ̀. Olórí ìlú kan ni, pẹ̀lú kánsẹ́lọ̀ mẹ́fà. Wọ́n pín ìlú sí ẹkùn mẹ́ta, ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ń yan ènìyàn méjì. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń gba alákòóso ìlú síṣẹ́, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà níṣẹ́, tí ó ń darí àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́. Òfin ìpínlẹ̀ sọ pé ìjókòó gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì fún ará ìlú láàyè láti sọ èrò ọkàn wọn. Wọ́n ń gba ohùn àti àwòrán ìjókòó náà sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá lè wá.

Mo ti múra sílẹ̀ de àwọn ẹ̀ṣọ́ àti ìkíni gígùn. Kò sí. Àwọn ènìyàn wọlé pẹ̀lú bàtà tó ń kán omi, wọ́n gbé aṣọ òtútù wọn kọ́ ẹ̀yìn àga, wọ́n jókòó. Bàbá arúgbó kan dìde, ó ní òkè tí òun ń gbé ga, òun sì fẹ́ mọ ìdí tí àdúgbò òun fi wà ní ipò kejì nínú ètò. Alákòóso náà ṣàlàyé iye ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́ tó wà, ó sì sọ ohun tí yóò náni bí wọ́n bá fi kún un. Obìnrin kan dìde, ó ní bí wọ́n bá fi kún un, owó orí ilé ni yóò ga sí i, òun tó sì ti fẹ̀yìn tì kò ní owó mìíràn. Ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nípa iyọ̀ àti odò. Kò sí ẹni tó pariwo. Kò sì sí ẹni tí gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ lọ́rùn. Bàbá arúgbó náà jókòó, ó mi orí, ó kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan.

Ní ibẹ̀ ni mo ti rántí bàbá wa.

Olùkọ́ ni bàbá wa títí ó fi fẹ̀yìn tì. Gọ́tà tó wà níwájú ilé wa dí nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 2008 sí 2020, ó kọ lẹ́tà márùn-ún sí ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ó kọ wọ́n ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán ọ̀nà tí omi yẹ kí ó gbà, ó sì tọ́jú ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì aláwọ̀ ewé. Èsì kan kò wá. Ní ọdún 2020, òjò kan rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di ọ̀gànjọ́, omi sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àwọn ìwé tó ti kó jọ fún ọgbọ̀n ọdún, títí kan àwọn ìwé ìtàn ìlú wa tó ń kọ lọ́wọ́, rin gbingbin. Ó sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Díẹ̀ ló ṣeé kà mọ́. Ó papò dà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sì kọ lẹ́tà kẹfà.

Bí a ti ń padà sílé lálẹ́ Ọjọ́rú náà, tí yìnyín ń ró wìnnìwìnnì lábẹ́ bàtà wa, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé bàbá ìbá fẹ́ràn ìjókòó yẹn.

"Bàbá kọ lẹ́tà márùn-ún," ni ó wí. "Kí ni lẹ́tà ṣe? Ìwọ ló ń fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Èmi, mo ń sanwó, mo ń lọ síṣẹ́."

"Àǹtí mi, ẹ ṣe bí ẹ tilẹ̀ lè dìbò níbí."

Ó dákẹ́ títí a fi dé orí afárá.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Ní ọdún 2018, àwọn olùdìbò Montpelier fọwọ́ sí i pé kí àwọn àjèjì tó ń gbé ìlú wọn lọ́nà tó bófin mu máa kópa nínú ìdìbò ìlú. Gómìnà ìpínlẹ̀ náà kọ òfin yìí ní ọdún 2021, àwọn aṣòfin sì dìbò borí ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Vermont sì gbè é lẹ́yìn ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2023. Orúkọ irú àwọn olùdìbò bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ọ̀tọ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìlú. Wọ́n lè yan olórí ìlú àti kánsẹ́lọ̀, wọ́n sì lè dìbò lórí ètò ìṣúná ìlú. Wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbò ìpínlẹ̀ tàbí ti orílẹ̀-èdè. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ìbò ti orílẹ̀-èdè jẹ́ fún àjèjì, ó sì lè lé e kúrò nílùú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé ìgbélùú. Ó ti ń ka ọjọ́ tí yóò fi lè béèrè láti di ọmọ onílẹ̀.

"O rí i," ni ó wí lórí afárá náà, "ìwé tí màá kọ nígbà náà yóò bi mí bóyá mo ti dìbò rí. Mo mọ̀ pé òfin fàyè gba ti ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ìwé náà ní ibòmíràn ńkọ́? Ṣé yóò dúró kí n ṣàlàyé? Mo ní ọmọ."

N kò rí èsì fọ̀. Mo ti ń wo ẹ̀tọ́ yẹn bí ẹ̀bùn, òun sì ń wò ó bí ọ̀nà tí omi dídì bò. Ẹni tí ilẹ̀ kì í yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lọ rí agbẹjọ́rò kan ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Agbẹjọ́rò náà sọ fún un pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìbò ìlú, ṣùgbọ́n kí ó tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀ bí ó bá dìbò. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́, ó sì pinnu pé òun yóò dúró.

Ọjọ́ Ìsẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà ni gbogbo Vermont ń ṣe ọjọ́ ìpàdé ìlú, àṣà tó ti pẹ́ ju orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ lọ ní agbègbè yẹn. Ní àwọn ìlú kéékèèké kan, àwọn ará ìlú ṣì ń péjọ sínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń jiyàn, wọ́n sì ń na ọwọ́ sókè lórí owó títì àti owó katakata. Ní Montpelier, ìwé ìbò ni wọ́n ń lò. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ètò ìṣúná ìlú wà lórí ìwé náà. Ará ìlú lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí owó tí ìgbìmọ̀ fẹ́ ná, nínú èyí tí iyọ̀, epo ọkọ̀ àti owó oṣù àwọn awakọ̀ òru wà.

Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ṣe ohun kan tí n kò retí. Ó ní kí a tún lọ sí ìjókòó ìgbìmọ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè bóyá ará ìlú kan ní ọ̀rọ̀, ó dìde, ó sọ orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Ó ní òun kò wá fẹjọ́ sùn, nítorí pé òun mọ àwọn tó ń jí ní òru kí òun lè débi iṣẹ́, òun sì fẹ́ kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní bí yìnyín bá ti ga ní kọ̀rọ̀ títì, ọmọ kékeré kò ga tó òkìtì náà, awakọ̀ kò sì lè rí i títí yóò fi bọ́ sójú títì. Ó béèrè bóyá wọ́n lè máa gé àwọn kọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wálẹ̀ ṣáájú àwọn yòókù. Kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Alákòóso náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo rí katakata ní kọ̀rọ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà, ó ń bu òkìtì yìnyín. N kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e dé ibẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ti wà nínú ètò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bìkítà nípa ìyẹn. Ó dúró, ó wo ẹ̀rọ náà títí ó fi parí.

Ẹ má ṣe rò pé párádísè ni mo ń ròyìn. Omi dídì tó dí odò Winooski ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1992 mú kí àgbàrá gba àárín ìlú náà láàárín wákàtí díẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2023, òjò ńlá tún rì í, omi sì wọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, omi a wọ inú ihò títì, bí ó bá tún dì lóru, a wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, títì a sì là. Ihò títì wọn ní oṣù Ẹrẹ́nà lè mú ọmọ Ìbàdàn rántí ilé. Owó orí ilé pọ̀, àwọn ènìyàn sì ń ráhùn nípa rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n mo rò pé ìráhùn yẹn gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó mú owó jáde lápò rẹ̀ mọ ibi tí owó náà lọ, ó sì mọ ẹni tí yóò bi. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti ka títì àdúgbò, gọ́tà àti pàǹtírí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà. Owó wọn láti Àbújá sì ti ń gba àpò àjọni tí ìpínlẹ̀ ń dì mú kọjá láti ọdún pípẹ́, títí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi pàṣẹ ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ ọdún 2024 pé kí owó náà máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Àṣẹ ilé ẹjọ́ dára. Síbẹ̀, owó tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá kì í tètè ní olùbéèrè. Àwọn bàbá ńlá wa kò dúró de Àbújá kí wọ́n tó yẹ ọ̀nà oko àti ọ̀nà odò. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí tiwọn dé, ẹni tí kò bá sì wá, wọ́n mọ ojúlé rẹ̀. A ti mọ ọ̀nà yíyẹ̀ kí a tó mọ káńsù.

Mo dé ilé ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí fáìlì aláwọ̀ ewé náà, mo sì ka lẹ́tà márààrún. Lẹ́yìn náà, mo kọ ẹ̀kẹfà. Mo fi àwòrán bàbá sí i, nítorí pé ọ̀nà tí omi yẹ kí ó gbà kò tí ì yí padà. Mo gbà á lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò mẹ́rìnlá kí wọ́n fọwọ́ sí i, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, bàbá sì dá kọ tirẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin tó gbà á ní ọ́fíìsì wò mí, ó wo ìwé náà, ó sì béèrè bóyá mo fẹ́ kí òun lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tèmi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo béèrè ọjọ́ tí àwọn kánsẹ́lọ̀ máa ń jókòó. Ó ní òun kò mọ̀, kò sẹ́ni tó béèrè rí, ṣùgbọ́n òun yóò wádìí. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sílẹ̀ fún un.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ya fọ́tò òǹtẹ̀ náà, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀ kò tí ì ṣú lọ́dọ̀ wọn. Ó dá mi lóhùn pé yìnyín tún ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Lẹ́yìn náà ló fi gbólóhùn kan ṣoṣo kún un: "Bí ọmọbìnrin yẹn kò bá pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, padà lọ."